Bí Mo Ṣe Kun Ẹ̀rọ Ẹyìn Di Odidi Irin Kan

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó lọ kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ẹ̀rọ n'Íbàdàn. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi kọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí mo ti ń rìn wọ Ìlá, ẹ ó rò pé èmi ni mo kọ́ ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà.

Àbúrò ìyá mi tó wà l'Ọ́rà, nítòsí Ìlá, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Ọ̀rà, gbọ́. Òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń fún epo níbẹ̀. Ó ní kí n ya ẹ̀rọ tí yóò máa gún ẹyìn fún àwọn. Ẹ̀rọ náà kò le: àgbá irin kan, ọ̀pá irin alábẹ tí yóò máa yí nínú rẹ̀, àti bẹ́ríìn tí ọ̀pá náà yóò jókòó lé kó lè yí.

Kí wọ́n lè rí inú rẹ̀, mo là á lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni la ìbẹ́pẹ. Òfin iṣẹ́ wa ni pé ojú ibi tí a bá gé ni a ó kùn, tí a ó fa ìlà tó dagun sí. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan á ní ìlà tirẹ̀. Ọ̀pá tó ń yí kò sì gbọdọ̀ gba àwọ̀ rárá, funfun là ń fi í sílẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ wa sọ ọ́. Ó jọ pé ọjọ́ tó sọ ọ́ gan-an ni oorun gbé mi lọ. Mo rí àwọ̀ pupa kan tó jọ epo, ó wù mí, mo bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan: àgbá, ọ̀pá, bẹ́ríìn, gbogbo wọn pọ́n bákan náà, ìlà kan náà. Ó dùn ún wò!

Mọ́mì gbé àwòrán náà kiri ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá Wẹ́dà, àgbàlagbà tó ń jó irin pọ̀ l'Ílá, ó kìlọ̀ fún un: "Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ mi ni."

Ọjọ́ tí a fẹ́ dán an wò pé. Àwọn obìnrin ti se ẹyìn rẹpẹtẹ. Ẹyìn tó bá sì tutù, epo rẹ̀ kì í jáde dáadáa mọ́. Kò sẹ́ni tó gbé odó wá, torí Mọ́mì ti fọ́nnu pé ayé odó ti parí. Èmi wọ léèsì funfun. A gbàdúrà, Bàbá Wẹ́dà tan ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀pá kò yí. Bẹ́líìtì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọ̀pá han, èéfín sọ. Kí n tó sọ pé "ẹ pa á," ẹ̀rọ ti gbé gbogbo ara rẹ̀ ńlẹ̀, àtàgbá àtẹsẹ̀, ó ń fò tọ̀ mí bọ̀ bí àgbò tó já okùn. Mo sá. Ẹyìn dà sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mo yọ̀, mo fìdí jókòó sínú epo gbàà.

"Ẹnjiníà," obìnrin kan bi mí, "ṣé ìdí ni wọ́n fi ń fún epo n'Íbàdàn?"

Bàbá Wẹ́dà pa ẹ́ńjìnnì, ó na àwòrán sí mi. "Wò ó, ìlà kan náà, odidi kan náà ni. Mo jó ọ̀pá mọ́ bẹ́ríìn, mo jó bẹ́ríìn mọ́ àgbá, bí o ti yà á."

"Bàbá, ṣebí ẹ mọ̀ pé ọ̀pá gbọ́dọ̀ yí!"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní n má fi kún un."

Mo wo Mọ́mì. Ó ti fi ẹnu rẹ̀ dúró fún mi níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹyìn sì ń tutù lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú epo náà. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Àṣìṣe èmi ni, kì í ṣe ti Bàbá."

Mọ́mì tú gèlè, ó fi gba ìdí. "Dìde. Ẹ sáré lọ gbé odó wá! Ọmọ mi ló máa kọ́kọ́ gún un."

Mo gún ẹyìn títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó, àwọn obìnrin ń pariwo lé mi lórí: "Èyí yí o! Ẹ̀rọ eléyìí yí!" Epo ọjọ́ náà kò sì ṣòfò.

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó ti Bàbá Wẹ́dà, mo fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, mo fi ọ̀pá sílẹ̀ ní funfun. Mo wá mọ̀ pé torí ẹwà kọ́ la ṣe ń kun àwòrán. Ohun tó so pọ̀ àti ohun tó dá wà la fi ń hàn. Mo sì mọ̀ pé ó yẹ kí n ti bi àgbà tó mọ irin léèrè kí n tó fi àwòrán lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú bébà kankan dé Ọ̀rà, ìbáà ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó, Mọ́mì á wò ó lọ, wò ó bọ̀: "Èyí náà ńkọ́, ṣé yóò yí?" Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Kí ni n ó tún ṣe?