Ojú-Àṣá àti Ògiri Kẹrin

Mo ti ṣèlérí fún ìyàwó mi pé bí mo bá ń sọ ìtàn yìí, irọ́ kan péré ni màá fi sí i. Ẹ jẹ́ kí n tètè pa á kí ọkàn mi balẹ̀: pẹ́ńtà kan wà ládùúgbò wa tí àyà rẹ̀ máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó tán. Ìyókù, òótọ́ ni.

Ojú-Àṣá ni orúkọ tó sọ ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́. Bó bá kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n bi í pé ta ni, á kọ́kọ́ ki ara rẹ̀ ná: "Èmi Ojú-Àṣá, ọkọ búrọ́ọ̀ṣì, àna rólà, a-kun-ògiri-má-kan-fèrèsé." Ẹni tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn á ti padà lọ jókòó kó tó parí.

Ohun tó ń tìtorí rẹ̀ yan ni pé òun kì í lo káàdì àwọ̀, èyí tí àwọn tó ń ta ọ̀dà máa ń fún èèyàn láti fi wé ògiri. "Káàdì kẹ̀? Ẹni tí ojú ẹ̀ ń ṣàìsàn ló ń lo káàdì. Ẹ gbé ọ̀dà ilé iṣẹ́ mẹ́wàá síwájú mi, màá sọ wọ́n di ọmọ ìyá kan náà kí ẹ tó mu omi tán."

Wàyí o, Ìyá Agbẹ̀bí, tó gbẹ̀bí ìdajì àdúgbò wa kó tó fẹ̀yìntì, gbé iṣẹ́ pálọ̀ rẹ̀ fún un. Àwọ̀ tó ń tu ojú lára ni màmá yìí ń fẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì fi wá a: kì í ṣe funfun, kì í ṣe búráùn, ó dà bíi wàrà tí tíì ẹ̀kán méjì ṣèèṣì kán sí. Garawa mẹ́fà ló rà, torí Ojú-Àṣá fúnra rẹ̀ ló wọn ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó ní mẹ́fà á tó, á sì ṣẹ́kù.

Ó kun ògiri mẹ́ta. Ọ̀dà tán.

"Ó tán báwo?" ni Ìyá Agbẹ̀bí bi í.

"Ògiri yín ló ń mu ún, mà. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Bí mo bá fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án báyìí, màá gbọ́ tó ń gbé e mì."

"Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé ilé yìí, òùngbẹ ò gbẹ ògiri mi rí."

"Ó ń fara dà á ni, mà."

Ìyá Agbẹ̀bí padà sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀dà yẹn ò ṣe àwọ̀ náà mọ́. Ti ilé iṣẹ́ mìíràn wà tó sún mọ́ ọn, àmọ́ obìnrin tó ń tà á kìlọ̀ fún un: "Ẹ sọ fún pẹ́ńtà yín kó kun ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ síbi kọ́lọ́fín kan, kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀dà tútù ò jọ ọ̀dà gbígbẹ, mà. Ti ilé iṣẹ́ yìí gan-an máa ń pọ́n sí i bó bá gbẹ, ó sì máa ń dán."

Ó jíṣẹ́ náà bó ṣe rí. Ojú-Àṣá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń mí.

"Ọjọ́ kejì kẹ̀? Ṣé ẹ gbàgbé pé ọ̀sán òní ni ìgbìmọ̀ ń bọ̀ ni?"

Ìgbìmọ̀ yìí gan-an ló ń lé e. Àdúgbò ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tuntun, yàrá méjìlélógún, wọ́n sì ń wá pẹ́ńtà. Ìyá Agbẹ̀bí wà lára ìgbìmọ̀, òun ló sì ní kí àwọn tó kù wá wo pálọ̀ òun kí wọ́n tó yan ẹnikẹ́ni. Yàrá méjìlélógún. Ojú-Àṣá ti ro ó débi pé ó ń fi ọwọ́ kun afẹ́fẹ́ lójú oorun.

Ló bá ṣí ọ̀dà ilé iṣẹ́ kejì. Ó kán àwọ̀ inú ìgò kékeré sí i, ó rò ó, ó tún kán an. Ó wá ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbé ìka tútù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbígbẹ, ó di ojú kan.

"Ìbejì ni wọ́n," ló wí. "Ìyá tó bí wọn gan-an ò ní mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé."

Ìyá Agbẹ̀bí, tó ti gbẹ̀bí ìbejì tí kò níye, wo ìka náà, ó wo ògiri, ó lọ ṣí fèrèsé.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ dé, ògiri kẹrin ṣì tutù rinrin. Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn: ó jọ ọ́. Ó jọ ọ́ débi pé èmi tí mo jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí n kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀ ju kí n wòran lọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Alága ìgbìmọ̀, ọ̀gá ilé ìwé àtijọ́ kan tí kì í yin èèyàn láàyè, yí ojú láti ògiri dé ògiri.

"Ó dára," ló wí. Ó yọ bírò, ó ṣí ìwé. "Kí ni orúkọ yín?"

Ká ní ó sọ orúkọ rẹ̀ ni, méjì péré bíi ti gbogbo ọmọ èèyàn, iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Àmọ́ wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Ojú-Àṣá tún mú un bá àgbọ̀n, ó mú un bá ọrùn, ó sì kù díẹ̀ kó mú un bá bàtà.

"Alága, ẹ gbé bírò yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú ojú tí ẹ fẹ́ gbà síṣẹ́."

Wọ́n jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ó ní òun ò sunkún lọ́jọ́ náà, pé ògiri yàrá ni òun ń wò. Ó sọ ti olówó kan tí òun fi ọ̀dà ilé iṣẹ́ méje kun ilé rẹ̀, tí ọkùnrin náà fi ọjọ́ méjì sunkún ayọ̀. Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Oòrùn ọ̀sán ń wọlé. Atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́.

Igun òkè, lẹ́bàá fèrèsé, ló kọ́kọ́ gbẹ. Ó yọ bí àmì kékeré, bí ibi tí ẹnì kan gbé ife tíì lé. Àmì náà fẹ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ojú-Àṣá kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń rojọ́ lọ. Gbogbo wa ń wo òkè orí rẹ̀, ó sì rò pé òun la tẹjú mọ́.

"Ẹni tó máa fi ìka han ibi tí ọ̀dà kan parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀," ló ń wí, "a ò tíì bí i."

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Ìyá Agbẹ̀bí, wà lórí àga lọ́hùn-ún. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló kí kọ́bọ́ọ̀dù, tó bi í léèrè àwọn ọmọ. Ó gbórí sókè.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ta aṣọ sára ògiri yẹn?"

Gbogbo wa yíjú sí màmá náà.

"Aṣọ wo, Màmá?" ni Alága bi í, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń di ẹ̀rín mọ́ inú.

"Èyí tó pọ́n fòò, tó ń dán yìí. Ẹ bá mi ká a. Ó ń ta mí lójú."

Ojú-Àṣá yíjú padà. Ògiri kẹrin ti di àwọ̀ eyín ẹni tó bá búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín jà láti kékeré. Ó ń dán bíi pé wọ́n fi òróró pa á. Àwọn mẹ́ta tó kù dúró jẹ́jẹ́ bí ẹlẹ́rìí ní kóòtù.

"Òjìji ni," ló wí.

Ìyá Agbẹ̀bí dìde, ó fa kọ́tìnì sẹ́yìn pátápátá. Ó burú sí i.

"Ó ṣì ń jókòó ni, mà. Ọ̀dà máa ń jókòó."

"Bó bá jókòó tán, ṣé á wá dìde máa lọ?"

"Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, Alága."

Alága wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún gbé e wọ̀. "Èwo ló kù ká ṣe, ká dojú bolẹ̀? Níbo ni ìyókù ọ̀dà àkọ́kọ́ wà, kí ẹ fi tún un ṣe?"

"Ògiri ló mu ún, sà. Ojú mi méjèèjì ló ṣe. Kò ṣẹ́kù ẹ̀kán kan."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Òótọ́ ọjọ́ yìí ò jìnnà rárá. Sálúbàtà ilé ìwẹ̀ ló wọ̀ wá.

Ìyàwó Ojú-Àṣá ló wọlé, ó sì kúnlẹ̀ fún Ìyá Agbẹ̀bí. "Ẹ má bínú, mà, mi ò mọ̀ pé ẹ ní àlejò. Láti àná ló yẹ kí n ti wá dúpẹ́. Ẹ ṣé gan-an ni, mà."

"Kí ni mo ṣe, ìyàwó wa?"

"Garawa ọ̀dà méjì tí ẹ fún wa, mà. Bàbá àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àwọn ló wù yín, lẹ fi ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Yàrá wa ti wá tutù lójú báyìí." Ó dúró díẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ń ṣẹ́jú sí mi báyẹn? Ṣé nǹkan kó sí yín lójú ni?"

Alága fi ìwé bojú. Ìwé náà ń gbọ̀n. Èmi ò ní ìwé, mo kàn rẹ́rìn-ín ni, àwọn aládùúgbò tó ti dúró sójú fèrèsé sì bá mi gbè é.

"Mo ti gbọ́ ọ báyìí, ògiri tó ń gbé e mì," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí jẹ́jẹ́. "Ti ilé yín ni."

Ìyàwó náà wo ọkọ rẹ̀, ó wo ògiri kẹrin, ọ̀rọ̀ sì yé e. Ojú tì í fún ara rẹ̀ díẹ̀, ó tì í fún ọkọ rẹ̀ púpọ̀.

"Ẹ dákun, mà. Garawa kan ààbọ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, yàrá wa ò tóbi. Èmi fúnra mi ni mo kùn ún, wọ́n ní àwọn kì í ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e wá, kí n bá yín tún ògiri yìí kùn."

Ó gbé e wá lóòótọ́. Ó ha ògiri náà, ó kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó wò ó láàárọ̀, ó wò ó lọ́sàn-án, kó tó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbìmọ̀ padà wá. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, obìnrin náà ò sì sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàbọ̀" lọ. Wọ́n gbé iṣẹ́ ilé ìgbẹ̀bí fún un níbẹ̀.

Bí ẹ bá gba iwájú ilé ìgbẹ̀bí náà kọjá lónìí, ẹ máa rí ọkùnrin kan tó lóṣòó sẹ́bàá ẹ̀rọ omi lẹ́nu ọ̀nà, níṣojú àwọn aboyún tó ń retí nọ́ńbà wọn, torí wọ́n ti ń lo àwọn yàrá tó ti parí. Ní ọjọ́ tí mo dúró wò ó, ohùn kan jáde láti yàrá kẹsàn-án:

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ ti fọ rólà yẹn?"

Ó gbọ̀n ọṣẹ nù lọ́wọ́, ó dìde nàró.

"Mò ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́, Ọ̀gá."