Káàdì Mack Dvorsky àti Àlùmọ́gàjí Màmá Sokol

Bí ìmọ̀ bá ń pa ènìyàn ni, à bá ti sin Glenn Petrak tipẹ́. Inú ìlú kékeré kan ní Ohio ló ti ń ta káàdì kéékèèké tó ní àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́, èyí tí àwọn èèyàn máa ń kó jọ, níbi tí ilé iṣẹ́ irin ti kógbá sílé, tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kò sì kógbá sílé lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Férémù ńlá kan wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Káàdì mọ́kàndínlógójì ló wà nínú rẹ̀, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ìlú wọn lọ́dún 1958, pẹ̀lú àyè òfìfo kan. Mack Dvorsky ló yẹ kó wà láyè yẹn, káàdì tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún tó kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ bọ́ọ̀lù, kí gbogbo Amẹ́ríkà tó mọ orúkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Glenn ti ń wá a.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, opó kan tó ń jẹ́ Bernadette Sokol, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, wọlé wá, ó ṣí ìwé àdúrà rẹ̀, ó sì fa Mack Dvorsky yọ níbẹ̀. Ọkàn Glenn fò fẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ṣẹ́.

"Ẹ káàsán, Màmá. Kí lẹ rí he?"

"Ti ọkọ mi ni. Wọ́n ní ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù. Ṣé ó wúlò?"

Glenn wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó sì mí kanlẹ̀ bíi dókítà tó fẹ́ túfọ̀.

"Ẹ jókòó, Màmá."

"Mo ti jókòó sínú mọ́tò látàárọ̀. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ wo igun ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti rí rọ̀bọ̀tọ̀. Igun káàdì gidi, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó yẹ kó gún yín."

"Ọkọ mi náà rí rọ̀bọ̀tọ̀ yíká. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ."

"Ẹ tún wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ta ló fi pẹ́ńsù kọ 'Eddie' síbí?"

"Eddie ni. Ọkọ mi."

"Ó dáa. Ìlà tó là á láàárín yìí ńkọ́? Ó jọ pé ẹnì kan jókòó lé e lórí."

"Eddie náà ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn, àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò ló ń kó wọn sí. Kò mọ̀ pé ìwọ ń bọ̀."

"Màmá, mi ò ní tàn yín. Ẹ̀gbin ni. Àánú yín ló ń ṣe mí, ẹ gba ogójì dọ́là, kẹ́ ẹ fi ra ẹja díndín tí wọ́n máa ń tà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọjọ́ Ẹtì jẹ lọ́la."

"Ogójì. Ṣé igun, pẹ́ńsù àti ìlà yẹn nìkan ló fà á?"

"Nǹkan mẹ́ta yẹn ló pa á. Ká ní kò sí wọn ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀."

"O ṣeun, ọmọ mi. Jẹ́ kí n lọ rò ó wò."

Ó ti káàdì bọ inú ìwé àdúrà, ó bá tirẹ̀ lọ. Glenn kò pè é padà, nítorí ẹni tó bá sáré tẹ̀ lé ọjà, ọjà á gbówó lórí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì kò lè jẹun ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì nu férémù tí kò dọ̀tí.

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Màmá Sokol dé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó gbé àpò ìwé kan kalẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Mo ti bá ọ tún un ṣe."

"Ẹ bá mi tún kí ni ṣe?"

"Nǹkan mẹ́ta tó pa á. Mo ti jí i dìde."

Glenn fa káàdì náà yọ. Etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di gígé, igun rẹ̀ mú ṣóńṣó, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú, kò sì sí ìlà kankan lára rẹ̀. Láàárín àwọn tó ń kó káàdì jọ, a lè dárí ji ìlà, a lè dárí ji pẹ́ńsù, a tilẹ̀ ń dárí ji àpá eyín ọmọdé. Ṣùgbọ́n káàdì tí wọ́n bá ti gé létí, òkú ni. Glenn rọra jókòó sórí páálí.

"Màmá. Kí lẹ fi gé e?"

"Àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé ìwé ẹ̀dínwó kúrò nínú ìwé ìròyìn. Fọwọ́ kàn án, á gún ọ."

"'Eddie' ńkọ́?"

"Mo fi rọ́bà pa á. Ó fẹ́ ṣagídí, mo bá fi itọ́ sí i."

"Itọ́."

"Itọ́ tèmi ni, kì í ṣe ti ará ìta. Ìlà yẹn, áyọ́ọ̀nù ni mo fi lọ̀ ọ́. Mo tẹ́ aṣọ lé e o, mi ò kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ṣé ogójì yẹn á lè di àádọ́ta báyìí?"

"Àádọ́ta! Màmá, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá dọ́là ni káàdì yẹn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e wá! Pẹ̀lú igun rọ̀bọ̀tọ̀ ẹ̀, pẹ̀lú ìdí Eddie tó jókòó lé e!"

Omi ti lé sójú rẹ̀. Màmá Sokol mú bírò, ó kọ mọ́kànlá sí àtẹ́lẹwọ́.

"Kí lẹ ń kọ?"

"Iye tí mo wá béèrè ní Ọjọ́bọ̀."

Ó ṣí ìwé àdúrà. Mack Dvorsky wà níbẹ̀, pẹ̀lú igun rọ̀bọ̀tọ̀, pẹ̀lú ìlà láàárín, pẹ̀lú Eddie lẹ́yìn. Glenn wò ó, ó wo tọwọ́ rẹ̀, ìgbà yẹn ló tó rántí gíláàsì. Bébà tuntun ni tọwọ́ rẹ̀, yíǹkì rẹ̀ sì ń dán.

"Ayédèrú ni eléyìí."

"Ìwọ náà lo mọ̀ ọ́n jù. Dọ́là kan ni mo rà á nílé epo, wọ́n tún fi ṣingọ́ọ̀mù lé e."

"Màmá, ẹ tà á fún mi. Màá san ẹgbẹ̀rún méjìlá. Màá ta mọ́tò mi."

"Má ta mọ́tò rẹ. Ọkùnrin kan ní ìlú Akron máa fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Bó ṣe rí ẹ̀yìn káàdì, ó gbé àga fún mi, ó ní kí n sọ̀rọ̀ Eddie fún òun. Mo kàn fẹ́ mọ iye tí mo fi ń ta ọkùnrin náà lọ́rẹ ni."

Glenn fò dìde. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ sọnù, ó wọ́ àga tirẹ̀ gan-an jáde, ó sì fi apá aṣọ nù ún.

"Ẹ jókòó, Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Irú èèyàn wo ni Eddie?"

"Èèyàn tó gbọ́n ni, ọmọ mi," ni Màmá Sokol wí bó ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. "Kó tó kú, ó ní tí mo bá fẹ́ mọ iye tí káàdì yìí tó, kí n wá bá Glenn. Ó ní tí mo bá wá fẹ́ tà á, kí n gba Akron lọ."