Àṣẹ Baálẹ̀ Lórí Ilẹ̀ Ilé Ọkọ̀ àti Àyà Àna

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ọmọ Òkè-Àràbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè dúró. Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, kó fi àmì síbi tí ìjà dé, kó jáde wá. Ẹni tó ń sùn, kó jí. Ẹni tó ń díbọ́n pé òun ń sùn, a ti rí ọ.

Baálẹ̀ Akínṣowọ́n ló rán akéde níṣẹ́. Akéde kò fi kún un. Akéde kò yọ nínú rẹ̀. Bó bá dùn, ti Baálẹ̀ ni. Bó bá korò, ti Baálẹ̀ náà ni.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ẹ má tíì sáré lọ mú àdá. Kì í ṣe ilẹ̀ oko. Kì í ṣe ilẹ̀ tí ẹ̀yin àti ọmọ ìyá yín ń tìtorí ẹ̀ lọ sí kóòtù. Ilẹ̀ inú ilé ọkọ̀ Baálẹ̀ ni, ibi tí mọ́tò ń sùn. Kì í ṣe gáréèjì tí ẹ ti ń wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní mọ́tò, akéde rí yín bí ẹ ṣe ń padà wọlé. Ẹ jáde. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹni tó ní mọ́tò lọ. Àwọn tó ní mọ́tò ní ìlú yìí kò pọ̀. Àwọn tó ní ewúrẹ́ ló pọ̀.

Nígbà tí Baálẹ̀ ra tòkunbọ̀ rẹ̀, ó ní òun kò lè gbé ohun tó ti òkè òkun wá sórí erùpẹ̀. Ó kọ́lé fún un. Ó tẹ́ táìsì síbẹ̀, táìsì dídán bíi dígí, irú èyí tí àwọn olówó ń tẹ́ sí bálùwẹ̀. Yèyé Mojírọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ní, "Baálẹ̀, ṣé ẹ fẹ́ kí mọ́tò yìí sùn ni, àbí ẹ fẹ́ kó wẹ̀?" Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀. Ó ń rí eyín ara rẹ̀ nínú ilẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Táyà gun táìsì, táìsì ní kà. Ó tún gùn ún, ó ní kà, kà. Ọ́ìlì ń jò sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Baálẹ̀ ní kò sí nǹkan kan. Ó ń fi àkísà nù ún. Bó ṣe ń nù ún ni ilẹ̀ tún ń dán sí i.

Ìgbà náà ni àwọn ará Ìgbó-Ọ̀wú wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọláṣebìkan, ọmọ wọn, ló fẹ́ fẹ́ Fadérera, àkọ́bí Baálẹ̀. Abẹ́ igi ni wọ́n to àga sí. Òjò dé. Gbogbo wọn sá wọ ilé ọkọ̀. Inú Baálẹ̀ tún dùn sí i, nítorí àlejò á rí mọ́tò, wọ́n á sì rí táìsì. Ó jókòó síwájú mọ́tò, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń retí ìkíni.

Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni Ọláṣebìkan. Kì í kí àna lóòró. Ó sáré díẹ̀, ó na àyà sílẹ̀ gbọọrọ. Ẹ̀yin ará ìlú, ilẹ̀ kò gbà á. Ilẹ̀ rán an lọ. Ó yọ̀ gẹ̀ẹ̀rẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Ó kọjá níwájú Yèyé. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baálẹ̀. Ó wọ abẹ́ mọ́tò lọ. Bàtà rẹ̀ nìkan ló kù níta. Abẹ́ mọ́tò ni wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, bàbá."

Wọ́n fi ẹsẹ̀ fà á jáde. Ọ́ìlì ti kùn ún láti iwájú orí dé àyà. Bàbá Ọ̀jẹ́lábí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, dìde. Ó gún fìlà. Ó ní, "A mú ọmọ wá kí ẹ fún un níyàwó, ẹ tì í sábẹ́ mọ́tò bíi mẹkáníìkì. Ó dáa. Àyà ará Ìgbó-Ọ̀wú kò ní kan ilẹ̀ yìí mọ́, àfi ọjọ́ tí ẹ bá ní ilẹ̀ téèyàn lè dọ̀bálẹ̀ sí, kó sì wà níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí." Wọ́n kó iṣu wọn. Wọ́n lọ.

Láti ọjọ́ náà, "ẹ káàárọ̀, sà" nìkan ni Fadérera ń bá bàbá rẹ̀ sọ. Yèyé ní ṣebí pálọ̀ wà, kí wọ́n padà wá síbẹ̀. Baálẹ̀ kọ̀. Ó ní bí òun bá sá fún ilé ọkọ̀ òun, Ìgbó-Ọ̀wú á máa fi ilẹ̀ òun kọrin. Ó ní ilẹ̀ náà ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ilẹ̀ náà ló máa tún un ṣe.

Ó wú táìsì. Ó tẹ́ rọ́bà. Oòrùn mú rọ́bà, ó rùn bíi bàtà ẹni tó fẹsẹ̀ rin dé Ìlọrin. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sí i láti dán an wò, irùngbọ̀n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ká rọ́bà nílẹ̀. Ó kun ọ̀dà pupa. Ọ̀dà yẹn dára. Ó dára gan-an ni, títí mọ́tò fi ti ọ̀nà jíjìn dé pẹ̀lú táyà gbígbóná. Nígbà tí mọ́tò máa jáde, ọ̀dà bá a jáde. Ẹ̀yin náà rí ipa táyà pupa láti ojúde Baálẹ̀ dé ọjà. Àwọn kan nínú yín ní ẹbọ ni. Ọ̀dà ni.

Yèyé wá ní, "Baálẹ̀, kí ni sìmẹ́ńtì ṣe fún yín? Kí wọ́n pò ó kó le, kí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀, kó nípọn. Kó tó gbẹ, kí ẹ fi ìgbálẹ̀ fà á lójú, kó lè máa di ẹsẹ̀ mú. Kò wọ́n. Táyà kò lè fọ́ ọ. Bí ọ́ìlì bá dà sí i, ẹ da iyanrìn lé e, kí ẹ gbá a." Baálẹ̀ ní òun náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀. Yèyé ní òun mọ̀.

Láàárọ̀ yìí ni bíríkìlà dà á. Ó ṣì tutù. Ní Sátidé tó ń bọ̀, àwọn ará Ìgbó-Ọ̀wú ń padà bọ̀ wá wò ó. Bó bá bàjẹ́, Fadérera kò lọ́kọ. Nítorí náà, Baálẹ̀ pàṣẹ!

Àṣẹ kìn-ín-ní. Ẹsẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ èèyàn o! Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ o! Ẹsẹ̀ adìẹ o! Adìẹ tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò fojú ba ìgbìmọ̀ ìlú. Ẹni tó ni ín ni yóò ṣe ògbufọ̀.

Àṣẹ kejì. Ẹ so gbogbo ewúrẹ́. Òbúkọ Bàbá Làmídì, ẹ so ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ ìdí rẹ̀.

Àṣẹ kẹta. Ilé tó ní mọ́tò, kó tẹ́ sìmẹ́ńtì líle fún un. Ilé tó ní ọ̀kadà, kó tẹ́ ìdajì. Ilé tó ní kẹ̀kẹ́, kó tẹ́ ìwọ̀n táyà méjèèjì. Ilé tí kò ní nǹkan kan, kó tẹ́ díẹ̀ nítorí ọjọ́ ọ̀la. Ẹni tó bá kọ̀, Baálẹ̀ yóò wá kí i nílé lásìkò oúnjẹ, kò sì ní tètè lọ.

Àṣẹ kẹrin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ́ táìsì dídán síbi tí àna lè dé. Ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀ sórí rẹ̀ lójú gbogbo ìlú, a ó sì fi ọṣẹ sí i.

Àṣẹ karùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ kí Baálẹ̀, kó dúró sójú títì kó kí i. Àṣẹ kẹfà...

Ẹ dúró. Ẹ dúró ná. Yèyé Mojírọ́lá ló ń sáré bọ̀ yìí. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Ẹ jẹ́ kí akéde fetí sí wọn.

Hẹ̀n.

Hẹ̀n-ẹ́n.

Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Àṣẹ kìn-ín-ní ti kú. Wọ́n ti tẹ ilẹ̀ náà. Kì í ṣe ewúrẹ́. Bàbá Làmídì, ẹ bá wa bẹ òbúkọ yín.

Ọláṣebìkan ni. Kò lè dúró de Sátidé. Ó gun ọ̀kadà wá láìsọ fẹ́nì kan, ó fẹ́ wá bẹ Baálẹ̀. Ó bá Baálẹ̀ lápá òdìkejì ilẹ̀ tútù náà, tó ń fi ìgbálẹ̀ fa ojú sìmẹ́ńtì bí ẹni ń ya irun ọmọ. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ẹ̀kọ́ ilé dìde nínú ọmọ náà. Baálẹ̀ nawọ́, ó ní, "Rárá o, má dọ̀bálẹ̀." Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tó gbọ́n ló mọ̀ pé bí àgbà bá ní kóo má dọ̀bálẹ̀, ṣe ni kóo yára.

Ó na àyà sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀ gbà á. Ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kò yọ̀ rárá. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ló wí, sìmẹ́ńtì kún un lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n fi máa fà á yọ, àwòrán rẹ̀ ti wà nílẹ̀: iwájú orí, imú, àyà, ìka mẹ́wàá, bọ́tìnnì. Bíríkìlà gbé ṣíbí rẹ̀, ó fẹ́ dí i. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀kadà mìíràn gbé Bàbá Ọ̀jẹ́lábí dé. Ó ti gbọ́ ibi tí ọmọ rẹ̀ gbà lọ, ó wá fi etí fà á lọ sílé ni. Ó rí ọmọ. Ó rí ilẹ̀. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Baálẹ̀. Baálẹ̀ wo ojú Fadérera tó ti sáré jáde wá, ó ní nínú ara rẹ̀ pé ó parí.

Bàbá Ọ̀jẹ́lábí yí ilẹ̀ náà po. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan sí ojú imú. Ó ní, "Ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí ló wà." Ó na ẹ̀yìn. "Ẹ gbọ́ o, àwa ti dọ̀bálẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí àwọn obìnrin yín bá ní ká dìde, ká tún dọ̀bálẹ̀, ká tún dìde, ilẹ̀ yìí la máa fi hàn wọ́n."

Baálẹ̀ ní, "Ẹ wá gbé ìyàwó yín."

Fadérera ló dáhùn, ẹni tí ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀: "Bàbá mi, ẹ ṣeun. Ẹ sọ fún bíríkìlà kó má fọwọ́ kan ọkọ mi."

Gbogbo àṣẹ àtijọ́, a ti pa wọ́n rẹ́. Àṣẹ tuntun rèé, ọ̀kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ojú ilẹ̀ náà. Bó bá gbẹ, Ọláṣebìkan á máa kí Baálẹ̀ lójò, á máa kí i lẹ́ẹ̀rùn, láìjẹun, láìsùn. Ẹ wá ìkíni tó tọ́jọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ wá!

Yèyé ti bi Baálẹ̀ pé mọ́tò ńkọ́? Baálẹ̀ ronú. Ó ronú gan-an. Kò sí ẹni tó ń gbé táyà gun àna lórí. Mọ́tò á máa sùn níta.

Akéde ti jíṣẹ́. Ọ̀fun akéde ti gbẹ. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bi ará ilé rẹ̀. Ìlú á tòrò o! Ilé á gbà wá o! Ẹsẹ̀ wa kò ní yọ̀ o!