Ẹja Jona Tó Kọ̀ Tí Kò Bì

Ẹja mi ti gbé Jona mì, kò sì fẹ́ bì í.

Kì í ṣe Jona kan ṣoṣo o. Gbogbo Jona tó wà nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá Vesterkær ló há síkùn ẹ̀. Wọ́n ń lu ara wọn kó-kó-kó níbẹ̀, àwọn tí kò ráàyè wọlé sì ń já bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga àwọn èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ lè mọ irú òmùgọ̀ tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Àwa tá à ń fi bíríkì rọ́bà, irú èyí táwọn ọmọdé fi ń ṣeré, kọ́ ẹ̀rọ, a ní ohun kan tá a máa ń ṣe tá a bá pàdé. Kálukú á gbé ẹ̀rọ tiẹ̀ wá, a ó tò wọ́n lágbo sórí tábìlì, bọ́ọ̀lù kéékèèké á sì máa rìn láàárín wọn. Ẹ̀rọ ẹni tó wà lápá òsì rẹ á ju bọ́ọ̀lù sí tìrẹ. Tìrẹ á gbà á, á fi dárà bó bá ṣe wù ú, á sì gbé e fún ti ẹni tó wà lápá ọ̀tún. Bó ṣe máa ń yí nìyẹn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tí ẹ̀rọ ẹnì kan bá wá kọṣẹ́, gbogbo agbo ló máa dúró, gbogbo ojú á sì yí sí onítọ̀hún bíi pé fóònù ẹ̀ ló dún nígbà tí wọ́n ń wàásù lọ́wọ́.

Onítọ̀hún tí mò ń wí yìí, èmi ni.

Ọmọ ilé ìpàdé ni mí. Àtikékeré ni mo ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì onígi níbẹ̀, tí mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, nítorí náà nígbà tó yá tí mo fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ, ẹja Jona ló wá sí mi lọ́kàn. Bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan tó bá dé jẹ́ Jona kan. Ẹja á gbé e mì, á bì í sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ìyẹn orí ẹ̀rọ ẹni tó wà lọ́tùn-ún mi.

Eskild ló wà lósì mi. Àtẹ̀gùn ló kọ́, òun ló ń gbé bọ́ọ̀lù gòkè wá fún ẹja mi. Ọ̀rẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, kì í yà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti gbà mí nímọ̀ràn látilẹ̀ pé kí Jona gba ẹnu wọlé, kó gba ìdí jáde, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ti tó fún un. Mo ní èèwọ̀. Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ìdí ni Jona gbà jáde? Ẹnu ló gbà wọlé, ẹnu ló máa gbà jáde.

"Kò burú," Eskild ní. "Àmọ́ òsì ni Jona ti ń bọ̀, ọ̀tún ni Ninefe wà. Ṣé ẹja ẹ máa hu ẹnu kejì ni?"

Bí mo ṣe gbé ẹja sórí àwo tó ń yí nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì kan ń fi jíà eléyín yí àwo, ẹ́ńjìnnì kejì wà níkùn ẹja, òun ló ń ti bọ́ọ̀lù jáde. Wáyà tiẹ̀ gba ihò àárín àwo lọ sínú àpótí bátìrì tó wà nísàlẹ̀. Àpótí yẹn náà ni ọpọlọ ẹ̀rọ, fóònù mi ló sì ń pàṣẹ fún un. Ẹja á kọjú sósì, á gbé mì. Á yí sọ́tùn-ún, á bì. Á tún yí sósì.

Nígbà tí mò ń tẹ àṣẹ yẹn sínú fóònù, ó bi mí léèrè pé tí ẹja bá bì tán, ṣé kó padà gba ibi tó gbà wá, àbí kó máa yí lọ síwájú. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo darí ẹ̀kọ́ Bíbélì lórí aya Lọti. Ọwọ́ mi kọ̀, kò lè tẹ "sẹ́yìn". Mo ní ohun tí èmi bá kọ́ kò ní rẹ̀yìn láyé. Síwájú ni. Síwájú títí.

Tó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni, n bá ti gbé ẹja mi lọ sílé. Àmọ́ mo ti dìde nílé ìpàdé, mo ti sọ níwájú ìjọ pé ẹja yìí máa wàásù ju oníwàásù lọ. Àwọn ará gbọ́, wọ́n háyà bọ́ọ̀sì. Tí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo wọn ń bọ̀, títí kan Bàbá Laust, oníwàásù wa tó dàgbà jù, ẹni tí àwọn ọmọ ẹ̀ pàápàá ò mọ̀ bóyá ó ní eyín, nítorí wọn ò rí i kó rẹ́rìn-ín rí.

Gunhild sì ni olórí agbo wa. Obìnrin náà kì í pariwo. Gọ́tà rọ́bà kan ló máa ń há sí abíyá. Ẹ̀rọ tó bá ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, á gbé e kúrò láìsọ̀rọ̀, á fi gọ́tà dí àlàfo ẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì máa yí kọjá lọ ní tiwọn. Mo gbàdúrà pé kó má fi gọ́tà rọ́pò ẹja mi kí àwọn ará tó dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹja bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbé mì, ó yí, ó bì. Inú mi dùn débi pé mo lọ bu kọfí.

Gbíìì.

Ẹja ti dúró. Mo sáré padà, mo gbé e kúrò lórí àwo, mo tú wáyà ẹ̀, mo pààrọ̀ bátìrì, mo tò ó padà. Ó ṣiṣẹ́. Mo bú ẹni tó ta bátìrì àkọ́kọ́ fún mi, àti ìyá ẹni náà, mo sì ronú pìwà dà lójú ẹsẹ̀.

Kò pẹ́, gbíìì.

Mo ní fóònù ló ń ṣe é. Mo tún gbé ẹja sílẹ̀, mo tú wáyà, mo yọ áàpù kúrò lórí fóònù, mo tún gbé e sórí ẹ̀. Áàpù ní òun fẹ́ ọ̀rọ̀ ìwọlé mi. Mi ò rántí. Mo tẹ ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ó ní irọ́ ni. Dorrit, ìyàwó mi, tó dúró lẹ́yìn mi, wo fóònù náà dáadáa.

"Bàbá Malene," ó ní, "òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ ìgbéyàwó wa kọ́ nìyẹn."

Ó tẹ èyí tó tọ̀nà, áàpù ṣí. Ẹja ṣiṣẹ́. Àmọ́ nígbà tó yá, gbíìì, Gunhild sì ti ń sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú gọ́tà ẹ̀.

Ó wá ku àdúrà. Mo gbé ẹja sórí tábìlì, mo tú wáyà ẹ̀ kí iná má bàa gbé mi níbi tí mo ti ń gbàdúrà, mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo bá ẹ́ńjìnnì wí. Mo bá jíà wí, eyín kọ̀ọ̀kan. Mo tò ó padà.

Ó ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn, mo jẹ́rìí débi pé àwọn tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà yọjú wò mí. Eskild ní kí n jọ̀ọ́ gbé ọwọ́ lé àtẹ̀gùn òun náà, ó ń dún kín-ín-kín-ín. Mo gbé e lé e. Ó ṣì ń dún. Mo ní àìgbàgbọ́ ẹ̀ ló fà á.

Ìgbà yẹn ni bọ́ọ̀sì dé.

Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn wọlé pẹ̀lú aṣọ ìsìn, kálukú bu kọfí, wọ́n yí mi ká. Bàbá Laust dúró níwájú pátápátá, ife kọfí lọ́wọ́, ojú le bí ojú ọjọ́ òtútù. Ẹja gbé Jona mì, ó yí, ó bì. Ẹnu àwọn ará ṣí. Arábìnrin kan fi áńkáṣífù nu ojú. Ká ní mo dákẹ́ ni.

Mi ò dákẹ́. Mo kọ̀yìn sí ẹja, mo bẹ̀rẹ̀ sí wàásù. Mo mú wọn láti Jọpa, mo kó wọn wọ ọkọ̀, mo gbé ìjì dìde. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ju Jona sómi ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi.

Gbíìì.

Ẹja ti gbé mì, kò yí. Àtẹ̀gùn Eskild kò sì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, ó ń rọ́ bọ́ọ̀lù sí i lẹ́nu ṣáá. Ikùn ẹja kún, ó kún dé ọ̀fun. Mo wo ẹ̀gbẹ́, mo rí Gunhild, ó ti yọ gọ́tà kúrò lábíyá.

Tí mo bá gbé ẹja kúrò lórí àwo báyìí, lójú gbogbo ará ni n ó ti la ikùn ẹ̀. Mo fa fóònù yọ. Ibì kan wà nínú áàpù tó ń sọ bí agbára ẹ́ńjìnnì á ṣe tó. Mo tì í dé òpin.

Gbíììììì.

Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀.

Pàù.

Jíà abẹ́ àwo fò yọ. Ẹja mi wá bẹ̀rẹ̀ sí yí fìrìrìrìrì, sẹ́yìn. Ẹja tí mo fi aya Lọti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ló ń rẹ̀yìn bí ẹni tí ayé ń pè. Ẹ́ńjìnnì inú ikùn ẹ̀ sì ti gba gbogbo agbára tí mo fún un, ó ń bì tó-tó-tó-tó, síhìn-ín, sọ́hùn-ún, sójú, sórùn. Bọ́ọ̀lù kan ṣí fìlà kúrò lórí alàgbà. Òmíràn wọ inú àpò arábìnrin tó ń sunkún lẹ́ẹ̀kan. Eskild wọ abẹ́ tábìlì, mo sì fi etí ara mi gbọ́ ọ níbẹ̀ tó ń pe orúkọ Olúwa. Ẹ̀rín ń pa mí nísinsìnyí tí mò ń kọ ọ́, àmọ́ nígbà yẹn, ilẹ̀ ni mo fẹ́ kó lanu.

Bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn lọ sókè, ó rọra ṣẹ́rí padà.

Pòtò.

Inú kọfí Bàbá Laust ni.

Bàbá wo inú ife náà títí, kọfí ń kán lẹ́nu irùngbọ̀n ẹ̀.

"Arákùnrin Svenning," ó ní, "Jona ti dé Ninefe."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Eyín wà lẹ́nu ẹ̀ o, ó pé.

Nígbà tí gbogbo èèyàn ń di ikùn mú, mo yọjú wo abẹ́ àwo. Wáyà ikùn ẹja ló rọ̀ jọwọrọ síbẹ̀. Ó wá yé mi. Síwájú, síwájú tí mò ń wí, gbogbo ìgbà tí ẹja bá yí ló ń lọ́ wáyà yẹn pọ̀, títí á fi le bí okùn tí wọ́n fi so màlúù, tí ẹja ò ní lè mira mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo sì gbé e kúrò tí mo tú wáyà ẹ̀, ṣe ni wáyà ń tú ara ẹ̀. Nígbà tí jíà fò yọ, wáyà náà ló tú ara ẹ̀, tó sì yí ẹja sẹ́yìn. Bátìrì ò mọwọ́mẹsẹ̀. Áàpù ò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ má rò pé Ọlọ́run ò dáhùn àdúrà mi. Ó dáhùn. Abẹ́ àwo ló fi ìdáhùn sí, èmi ni mi ò bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Mo ti jíà padà sáyè ẹ̀. Ẹja gbé mì, ó yí, ó bì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. Mo yíjú sí àwọn ará mi tayọ̀tayọ̀.

Ojú wọn ti rẹ̀wẹ̀sì.

Alàgbà ní fóònù tí òun fẹ́ fi ya fídíò ẹ̀ ò tíì ṣí nígbà tó ṣẹlẹ̀. Arábìnrin ní òun di ojú. Wọ́n ń fa àga sún mọ́ tábìlì, wọ́n ń jókòó. Bàbá Laust bu kọfí tuntun, ó gbé ife náà síwájú díẹ̀ lórí orúnkún ẹ̀, ó wo ẹnu ẹja, ó tún sún ife náà sí ọ̀tún. Gunhild fúnra ẹ̀ fi gọ́tà sílẹ̀, ó fa àga kan.

"Svenning," ó ní, "ìgbà wo ló tún máa bàjẹ́?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀," mo ní. "Mi ò tíì kọ́ ohun tí kì í bàjẹ́ rí."