Bí Àkàngbé Ṣe Ṣẹ́gun Ẹnu Ara Rẹ̀ Níwájú Sinimá

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ti dìde, ẹ ṣí fìlà. Ẹni tí kò bá sì dé fìlà, kí ó kàn fọwọ́ pa orí, nítorí orúkọ akọni ni mo fẹ́ dá. Oyèkúnlé Àkàngbé ni, àbúrò ìyá mi, ọmọ Oyèdìran tí í kí ẹbí kú ọ̀fọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé èèyàn àwọn kú, ọmọ-ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ tí ó sọ fún ọkọ pé ìyàwó rẹ̀ ti lóyún kí ìyàwó tó fojú kan nọ́ọ̀sì, ìran tí ọ̀rọ̀ kì í sùn nínú wọn mọ́jú, ìran tí kò lè fẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun fún ìṣẹ́jú méjì péré. Àwọn akọni kan pa ẹkùn. Àwọn kan ṣígun lọ sí ìlú onílùú, wọ́n kó ẹrú, wọ́n kó ẹrù. Ti Àkàngbé ju tiwọn lọ: ó wo sinimá kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sọ bí yóò ṣe parí.

Má rẹ́rìn-ín. O kò mọ̀ ọ́n ni.

Ní ilé wa ní Ìlá, bí a bá ti jẹ ìrẹsì ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi tán, tọmọdé tàgbà a kó jọ sí pálọ̀, a ó wo eré àtijọ́ kan, àwọn eré ayé ìgbà tí àwòrán ṣì ń gbọ̀n, tí ohùn sì ń dé lẹ́yìn tí ẹnu bá ti pa dé. Kò sí èyí tí Àkàngbé kò tíì wò nínú wọn, nítorí òun ni ó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìlú nígbà èwe rẹ̀. Kò sì sí èyí tí kò bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

"Ẹ má wulẹ̀ fẹ́ràn ọmọbìnrin yẹn," ni yóò wí, nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. "Kò ní pẹ́ kú."

Nígbà tí ó sú wa, Mojírayọ̀ ọmọ mi gbé àga Àkàngbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni ó ti ń ké pé májèlé wà nínú ọbẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwa ni ti Àkàngbé ń kó o bá.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí ogun yìí fi le. Ìyá Sinimá ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá mi, bẹ́ẹ̀ sì ni kò wo sinimá tí ó sọ ọ́ lórúkọ náà tán. Wọ́n gbé eré kan wá sí gbọ̀ngàn: òrùka wúrà ìyálé sọnù, wọ́n di ẹ̀bi ru ìyàwó kékeré. Bí ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀ tán, tí wọ́n fẹ́ fi ẹni tó mú òrùka hàn, ni ìrọbí mú ìyá mi. Èmi ni mo ń bọ̀. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ títí, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ohùn tí ó fi ń sọ ọ́ kò tíì tù mí lára rí. Eré náà kúrò ní ìlú kí ìyá mi tó jáde nílé ìgbẹ̀bí, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Fún ọdún mẹ́tàlélógójì, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ ìparí rẹ̀ fún un, etí ni ó máa ń di. Ojú ara rẹ̀ ni ó fẹ́ fi rí i.

Mo rí eré náà lórí ayélujára lóṣù tó kọjá. Ìyá mi ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ojú rẹ̀ ọ̀tún sì ti ń ṣú, kò sí àkókò láti fi ṣòfò. Ó jókòó, ó gbá àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́pẹ́, ó ní kí Àkàngbé wá jókòó síbẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Mojírayọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n máa sọ ọ́."

"Àbúrò mi ni. Ẹ tan nǹkan yín."

Ogun bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òrùka sọnù, ọ̀rọ̀ yọ sí Àkàngbé lẹ́nu, ó fi ẹ̀pà yíyan dí i lọ́nà. Nígbà tí wọ́n ń na ìyàwó kékeré, ó di orúnkún ara rẹ̀ mú, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n bí ìdérí ìkòkò ẹ̀wà, ṣùgbọ́n akọni kò yà. Eré wá dé ibi tí ìrọbí ti mú ìyá mi. Ìyá mi gbàgbé ara rẹ̀ pátápátá, ó yíjú sí i.

"Àkàngbé, ta ló mú un?"

Háà, ìjà dé. Ẹ̀gbọ́n béèrè ọ̀rọ̀, àbúrò kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kò sì sí àbúrò tí inú rẹ̀ dùn láti dáhùn tó báyìí láyé. Mojírayọ̀ di ojú. Èmi gan-an bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ṣùgbọ́n Àkàngbé, ọmọ Oyèdìran, na ọwọ́ akin sí ife, ó gbé e, ó bu omi sẹ́nu, kò gbé e mì, ẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bọ̀ǹbọ̀, ó sì ń tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n pé kí ẹ̀gbọ́n òun máa wo iwájú.

Ẹni tó mú òrùka fara hàn. N kò ní sọ ọ́ fún ọ. Ìyá mi pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ó fi etí gèlè nu ojú.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀?"

Àkàngbé gbé omi mì. "Mo mọ̀ ọ́n, Àǹtí mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí a gbé yín lọ sílé ìgbẹ̀bí. Mo padà lọ wò ó tán."

"Gbogbo ọdún yìí, o ń wọlé, o ń jáde lọ́dọ̀ mi."

"Ẹ ní kí n má sọ."

Wákàtí méjì ni a rò pé ó fi pa ẹnu mọ́. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó ti ronú kàn án rí, ojú sì tì mí gidigidi.

Nítorí náà mo kéde rẹ̀ fún ìlú, fún oko, fún ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ń lọ: Oyèkúnlé Àkàngbé ni ọba gbogbo ẹni tó lè pa ẹnu mọ́. Ẹni tó bá ní àṣírí tó wúwo, kó gbé e tọ̀ ọ́ lọ, kó sì fọkàn balẹ̀, bó bá ṣáà ti dá a lójú pé òun ni ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ṣoṣo tí Àkàngbé ní. Nítorí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ ẹni tó mú òrùka lẹ́nu rẹ̀.