Ìdágbére fún Ẹni Tí Kò Lọ Síbì Kankan

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi nǹkan pamọ́ fún yín. Ìyàndá oníwíńdò kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe òpùrọ́. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Bí èèyàn bá ti kẹ̀yìn sí i, Ìyàndá di kìnnìún. Bí onítọ̀hún bá wá yíjú padà báyìí, "Ẹ kú iṣẹ́, sà" lẹ ó gbọ́, bàbá ti dọ̀bálẹ̀.

Ṣé ẹ rántí pásítọ̀ wọn tó máa ń wàásù fún wákàtí mẹ́ta? Ìyàndá fọ́nnu káàkiri Mowe pé òun máa kò ó lójú, òun á sọ fún un pé ìwàásù rẹ̀ ti gùn jù. Ó dé iwájú pásítọ̀ lóòótọ́. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, "Dádì, Ẹ̀mí Mímọ́ ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ fi ìdajì wákàtí kún un." Pásítọ̀ sì fi kún un.

Iṣẹ́ fèrèsé alumínì ló gbé e wá sí Mowe láti Ìkirè. Ayálégbé ni, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ìpàdé àwọn onílé. Ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń dìde fún un ni pápá básíkẹ́ẹ̀tì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìràwọ̀ Òwúrọ̀, torí pé òun ni alága ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn. Lọ́jọ́ ìdíje, àga onítìmùtìmù tirẹ̀ á wà níwájú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa kí i ní "Alága wa!", orí Ìyàndá á sì máa wú. Bí ẹ bá gba ilé lọ́wọ́ ọkùnrin náà, á rí òmíràn háyà. Ipò yẹn ni kò gbọdọ̀ bọ́.

Wàyí o, ẹgbẹ́ Ìràwọ̀ yìí, ìràwọ̀ tí kì í yọ ni. Ìdíje mọ́kànlá ni wọ́n gbá tẹ̀léra tí wọn ò jáwé olúborí nínú ẹyọ kan! Wọ́n lọ sí Ifọ̀, wọ́n na wọ́n ní mẹ́rinlélọ́gọ́rin sí mọ́kàndínlógún. Nínú mọ́kàndínlógún yẹn náà, méjì jẹ́ èyí tí àwọn ará Ifọ̀ ṣèèṣì jù sínú apẹ̀rẹ̀ ara wọn.

Kóòṣì Adébánjí ló ń kọ́ wọn. Èèyàn rere ni o. Ó tóbi, ó ga, ojú rẹ̀ tutù, kì í bínú. Iṣẹ́ yẹn ni kò mọ̀. Bí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi ìṣẹ́jú kan kó lè fi ọ̀nà hàn wọ́n, orin ìyìn ni yóò kọ́kọ́ dá, á wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Kó tó dé "ní orúkọ Jésù", fèrè ti dún, àwọn ọmọ á padà sínú pápá láìmọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Ọjọ́ tí àwọn ará Àgbàdo tún nà wọ́n ni ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn ṣèpàdé ní ṣọ́ọ̀bù Ìyàndá.

"Kóòṣì yìí gbọ́dọ̀ lọ!" Ìyàndá lu tábìlì. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ojú rẹ̀ ni màá ti sọ ọ́ fún un! Bí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀, tí ẹ sì tún rí Adébánjí lórí àga kóòṣì, ẹ gba ipò alága lọ́wọ́ mi, kí ẹ gbé e fún Àjíbíkẹ́!"

Àjíbíkẹ́ onídìrí ni igbákejì rẹ̀. Ó ti ń wo àga onítìmùtìmù yẹn tipẹ́tipẹ́.

"Akọ̀wé," ni Àjíbíkẹ́ wí jẹ́jẹ́, "ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí alága sì buwọ́ lù ú." Ìyàndá buwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó gun ọ̀kadà, ó di ilé kóòṣì ní Ibafo. Ó ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ra bí wọ́n ti ń lọ. "Ó tó gẹ́ẹ́! Kó ẹrù ẹ, kó o máa lọ!" Ó tún sọ ọ́ kíkankíkan, "Mo ní kó o máa lọ!" Ọlọ́kadà rò pé òun ló ń bá wí. Ó dúró gbọn-in.

"Èmi ni mò ń gbé ọ, ìwọ lo ń lé mi? Sọ̀ kalẹ̀!"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá mi," ni Ìyàndá wí, ó sì fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Kóòṣì ló fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. "Alága! Áà, ẹ̀yin nìkan lẹ rántí mi!" Kíá, iṣu ti dé, ẹyin dídín ti tẹ̀lé e. Ìyàndá jẹun tán, ó wẹnu mọ́, ó gbójú sókè láti sọ ọ́. Ibi tó gbójú sí ni ó ti rí i pé nẹ́ẹ̀tì fèrèsé kóòṣì ti ya. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin tó lọ lé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó tún nẹ́ẹ̀tì ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí ẹ̀fọn má baà máa dà wọ́n láàmú.

Mọ́láyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ń dúró dè é nílé. "Bàbá Tìmílẹ́hìn, ṣé ẹ ti sọ fún un?"

"Mo ti bẹ̀rẹ̀."

"Ibo lẹ bá a dé?"

"A dé ibi fèrèsé."

Ó di ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ó ní òun á fi fóònù sọ ọ́, torí pé fóònù ò lójú. Kóòṣì gbé e. Ìyàndá gbọ́ ohùn ọkùnrin náà, ahọ́n rẹ̀ lọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣi nọ́ńbà pè."

"Ṣebí alága wa ni? Mo mọ ohùn yín!" Ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ nípa oògùn ẹ̀yìn ríro títí káàdì fi tán.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀. Àjíbíkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn irú aṣọ tí alága obìnrin máa ń wọ̀. Oorun dá lójú Ìyàndá. Nígbà tó sì di ìpàdé, ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Mo ti rí i! Sẹ́ńdífọ́ọ̀tì la máa ṣe fún un!"

"Ṣé ó sọ fún yín pé òun ń lọ ni?" Àjíbíkẹ́ béèrè.

"Ọgbọ́n ibẹ̀ gan-an nìyẹn! Ta lẹ ti rí rí, tí wọ́n ṣètò ìdágbére fún, tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn, tí wọ́n gbàdúrà fún, tó tún padà wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè? Ojú á tì í! Òun fúnra rẹ̀ á gbọ̀nà. Àwọn àgbà ní ẹni tí a bá fẹ́ lé, a kì í fi pàṣán lé e, ìrẹsì la fi ń lé e."

Kò sí àgbà kankan tó sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n wọ́n rò ó lọ, wọ́n rò ó bọ̀. Lóòótọ́, kò sí ẹni tó ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó lọ bá Ashraf tó ń tẹ báńà.

"Kọ ọ́ gàdàgbà: Ó DÀBỌ̀ O, KÓÒṢÌ!"

Ashraf tẹ̀ ẹ́ sójú kọ̀ǹpútà. Ìyàndá wò ó, òógùn bò ó. "Ó ti le jù. Dín in kù."

Ashraf dín in kù, ó wá kéré.

"Kì í ṣe lẹ́tà ni mo ní kó o dín kù, ọ̀rọ̀ náà ni!"

Wọ́n dín in títí ó fi di: KÓÒṢÌ ADÉBÁNJÍ, A MỌ RÍRÌ YÍN.

"Bàbá, ìdágbére dà níbẹ̀?" ni Ashraf wí.

"Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí."

Òótọ́ ni, ààbọ̀ là ń sọ. Àmọ́ èyí tí Ìyàndá sọ yìí ò tó ìdámẹ́jọ. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀, ló bá ní kí ẹgbẹ́ ra báàgì ìrìnàjò ńlá kan, onítáyà mẹ́rin. Ó ní bí àgbàlagbà bá rí báàgì, kò tún sí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún un mọ́.

Ọjọ́ Sátidé pé. Wọ́n ta kánópì sí etí pápá, ìrẹsì wà nínú ike, omi tútù wà nílẹ̀. Kóòṣì dé pẹ̀lú aṣọ funfun báláú, ojú rẹ̀ kún fún ayọ̀. Ẹni tó tẹ̀lé e dẹ́rù ba gbogbo wọn: Mádáàmù Monísọ́lá, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì! Ẹgbẹ́ ò pè é. Kóòṣì ló pè é, inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè dá nìkan wá.

Bàbá Akínọlá, àgbà inú ẹgbẹ́, ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní máìkì. Bàbá yìí ti búra pé òun á ka èsì ìdíje Ifọ̀ sí kóòṣì létí. Ó dìde, ó gbá máìkì mú, ó wo ojú kóòṣì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í gba máìkì lábẹ́ kánópì ká fi bú ọlọ́jọ́. Bí inú bá ń bíni, ká jẹ ìrẹsì tiwa ká máa relé ni.

"Ọmọ wa dáadáa ni," ni bàbá wí. "Kò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí kó má dọ̀bálẹ̀." Ó sì jókòó.

Ìyàndá ṣẹ́jú sí Àjíbíkẹ́ pé kó ṣe é. Àjíbíkẹ́ dìde tìbínú-tìbínú. "Kóòṣì yìí ò mọ̀ ọ́n bínú! Bí wọ́n fi ogójì nà wá, á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n fi ọgọ́ta nà wá, á tún rẹ́rìn-ín!" Ó fẹ́ kó dùn ún ni. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, kóòṣì sì nu omijé. Kí ni Àjíbíkẹ́ tún fẹ́ sọ? Òun náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọlọ́run á tọ́jú yín."

Ó wá ku alága. Ìyàndá ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sínú ìwé. Àkọ́kọ́ ni "Ẹ ti sú wa." Ó ṣí ìwé náà. Ó gbójú sókè. Ojú òun àti kóòṣì ṣe mẹ́rin. Ó ká ìwé padà.

"Bí kì í bá ṣe kóòṣì," ló wí, "ta là bá máa pè ní kóòṣì?"

"Ééè!" ni gbogbo wọn wí.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Ìyàndá fúnra rẹ̀. Ó tún sọ òmíràn. Ó ní irú kóòṣì ṣọ̀wọ́n. Ó ní Mowe ò rí irú rẹ̀ rí, ẹkún sì gbà á lọ́wọ́ ara rẹ̀. Mọ́láyọ̀ bo ojú níbi tó jókòó sí.

Ó rántí báàgì. "Ẹ gba ẹ̀bùn yìí. Báàgì ÌRÌNÀJÒ ni o, sà. Ì-rìn-à-jò."

Kóòṣì ṣí i, ó lanu. "Ẹ̀yin èèyàn yìí! Ẹ rí i pé báàgì tí a fi ń kó bọ́ọ̀lù lọ sí Àgbàdo ti ya!" Ó pe àwọn ọmọ, wọ́n kó bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. "Ó gba mẹ́fà! Mẹ́fà gééré!"

Kóòṣì wá gba máìkì. Ó fa àpòòwé kan yọ lápò. "Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Ìwé tí mo fi ń fiṣẹ́ sílẹ̀ rèé. Òní ni mo fẹ́ fún Mádáàmù. Ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi ríṣẹ́ sí Ìbàdàn, mo ti di ẹrù mi. Mo rò pé ẹ kò fẹ́ràn mi ni. Mo sì ṣì yín rò!" Ó ya á, fààà!

Ìyàndá kígbe, "Yéè!" Àwọn èèyàn rò pé ayọ̀ ni.

Mádáàmù Monísọ́lá náà dìde, ó ń fi gèlè nu ojú. "Kóòṣì, ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ju tiyín lọ." Ó mú ìwé jáde nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. "Ìwé tí a fi fẹ́ lé yín rèé. Ìgbìmọ̀ ti buwọ́ lù ú, Mọ́ńdè ni mo fẹ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́, tí màá lé ẹni tí gbogbo àdúgbò ń sunkún nítorí rẹ̀?" Ó ya á, fààà! "A ti fi ọdún mẹ́rin kún ọdún iṣẹ́ yín!"

Ìrẹsì há Bàbá Akínọlá lọ́fun. Ó kù díẹ̀ kí Ìyàndá ṣubú lu òpó kánópì.

"Alága," ni Mádáàmù wí, "ẹ̀yin lẹ ṣètò yìí. Ẹ wá sọ ohun tó wà lọ́kàn yín fún kóòṣì, ká fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀."

Àjíbíkẹ́ fi ìgúnpá gún un. "Àyè ìkẹyìn nìyí. Ẹ sọ ọ́, tàbí kí ẹ dìde lórí àga."

Ìyàndá gba máìkì. Ó rí àga onítìmùtìmù rẹ̀, ó rí ìwé tó buwọ́ lù, ó rí ọdún mẹ́rin gbọọrọ láìsí ẹni tí yóò dìde fún un. Ó múra gírí. "Kóòṣì!" ló pariwo, "ẹ gbọ́ mi dáadáa!"

Gbogbo ẹgbẹ́ na ọrùn. Kóòṣì sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń wò ó lójú. "Mò ń gbọ́, alága mi."

"Kóòṣì... ẹ... ẹ ó pẹ́ fún wa o, sà!"

Àdúrà sì ni. Ta ni yóò gbọ́ àdúrà ní Mowe, tí kò ní ṣe àmín? Gbogbo pápá fọhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Àààmín!" Ohùn Àjíbíkẹ́, alága tuntun, ló ròkè jù.