Ta Ni Yóò Gbé Ògúnlànà Relé?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1965, Ògúnlànà tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ní Enugu Road, Sabon Gari, Kano, jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń retí kúnú ọkà bàbà tó máa ń mu. Ṣàràfá télọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, ló máa ń gbé e wá láràárọ̀. Lónìí, kúnú wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àpótí wà lọ́wọ́ òsì.

"Bàbá Evelyn, sannu. Ara ńkọ́?"

"Ó ń ṣe díẹ̀díẹ̀." Ògúnlànà wúkọ́, ikọ́ kékeré kan báyìí.

"Jọ̀ọ́, má bínú. Ṣé o máa kú lọ́sẹ̀ yìí?"

"Haba, Ṣàràfá!"

"Yìgì Nurat ọmọ mi ni Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, nílé, ní Ọ̀fà. Ìwọ lo sì so mí mọ́lẹ̀!"

"Èmi kẹ̀?"

"Ta ni wọ́n gé kókó lábẹ́ abíyá rẹ̀ lọ́dún 1954? Tí dókítà ní jẹjẹrẹ ni, òun gé ọmọ kókó, òun wá ìyá tó bí i káàkiri ara títí, òun ò rí i? Tó ní bóyá oṣù mẹ́fà ló kù? Ta ló di ọwọ́ mi mú pé, 'Má jẹ́ kí wọ́n sin mí sí Kano'? Mo búra pé mi ò ní kúrò nílùú yìí àfi tí mo bá gbé ọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé. Oṣù mẹ́fà ti di ọdún mọ́kànlá!"

"Ṣé ẹjọ́ mi ni?"

"Tiwa Mùsùlùmí rọrùn: kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin òkú. Tiyín onígbàgbọ́ ló ń wá ọkọ̀ ojú irin!"

Ògúnlànà rọra gbé ife kúnú sílẹ̀.

"Ṣàràfá... dókítà ní ara mi ti dá."

"Nígbà wo?"

"Ó tó ọdún mẹ́fà. Ó ní òun ò tíì rí ìyá yẹn, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò padà wá, kí n máa bá ayé mi lọ."

"Wallahi! Ọdún mẹ́fà tí mo fi ń gbé kúnú!"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Láti ìgbà tí ìyá Evelyn ti kú, ìwọ nìkan ló ń béèrè pé ara ńkọ́. Mo rò pé bí o bá mọ̀ pé mi ò kú mọ́, o ò ní wá mọ́."

Ṣàràfá fi etí agbádá nu ojú.

"Òpònú. Ti ṣọ́ọ̀bù rẹ. Mo ti búra pé màá gbé ọ délé, a jọ ń lọ nìyẹn."

"Láàyè?"

"Ìyà tó jẹ mí nìyẹn! Òkú ì bá dákẹ́ láti Kano dé Ọ̀fà."

Ògúnlànà ti ń wá kọ́kọ́rọ́. "Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni màá jókòó o!"

Ṣàràfá gbé àpótí, ó gbé e lé Ògúnlànà lórí.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi múra láti gbé ọ. Gbé tèmi ná!"